Ìkóná àti Dáínámò Lójú Ọ̀nà Ìdí-Ìṣin

Agboòrùn Òfurufú ṣí, ó kọ̀, kò pa dé mọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ọ́ tó máa dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ta awọ fàdákà kan sójú sánmà kí ayé tó ti gbóná jù lè tutù díẹ̀, wọ́n ní tó bá di ọdún kẹjọ, àwọn á ká a. Ọdún kẹjọ pé, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, awọ náà dúró bí ẹni tí wọn ò bá wí. Láti ìgbà náà, ọ̀sán gangan ní gbogbo ilẹ̀ Òkè-Odò kò mọ́lẹ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ tan iná.

Epo mọ́tò ti tán láyé kí wọ́n tó bí Ìbídùn. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé irúgbìn, oògùn, lẹ́tà, títí kan òkú, tí ẹbí rẹ̀ bá gbà kó jókòó. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí là ń pè ní ẹlẹ́rù. Wọ́n á so ẹrù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n á so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó, wọ́n á ká àgọ́ ìsùn wọn sẹ́yìn, wọ́n á sì wà lójú ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀. Àjọ Ìrìnnà fẹ́ ṣe iná tuntun fún gbogbo ẹlẹ́rù. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó lè rọ irin, irú iná kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè rọ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnjiníà ni Ìbídùn. Òun ló ṣe Ìkóná, iná funfun kan tí kò tóbi ju ọsàn lọ. Téèyàn bá ti ki agbára sí i nílé, yóò máa mọ́lẹ̀ títí, bóyá kẹ̀kẹ́ ń rìn bóyá ó dúró. Bàbá Ọdẹ́túndé, olórí àwọn ẹlẹ́rù, kò fẹ́ gbọ́. Dáínámò àtijọ́ ni tirẹ̀, èyí tó wà láàárín táyà, tí yíyí táyà fi ń tan iná. Tí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná kú.

"Dáínámò ló pa àbúrò mi," Ìbídùn sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìrìnnà. Kò gbóhùn sókè. "Kọ́láwọlé dúró lórí afárá láti tún ẹrù rẹ̀ dì. Iná rẹ̀ kú. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí i."

Bàbá Ọdẹ́túndé tún Etí-Kejì rẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ kékeré tó fi ń gbọ́ràn. "O rò pé mo ti gbàgbé ni? Èmi ni mo kọ́ Kọ́láwọlé ní kẹ̀kẹ́."

"Ẹ ò bá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ríran nínú òkùnkùn náà."

Bàbá fọwọ́ lu ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń tan iná tèmi. Ta lo fi ń tan tìẹ?"

"Òòrùn ni, Bàbá. Pátákó òòrùn wà lórí gbogbo òrùlé."

"Òòrùn wo?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Alága ìgbìmọ̀ ní kí àwọn méjèèjì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Erínta, níbi tí ilé iṣẹ́ náà wà, tí ìgbìmọ̀ yóò ti dúró dè wọ́n, kí wọ́n sùn ní Ìdí-Ìṣin lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé pẹ̀lú iná títàn, tirẹ̀ ni ilé iṣẹ́ máa rọ.

Dáínámò a máa fa táyà sẹ́yìn. Kò fà á púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àgbà á mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí wọ́n dé òkè gíga, tí Bàbá ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, iná rẹ̀ pọ́n, ó sì ń ṣẹ́jú. Ìbídùn ti dé orí òkè. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Ìkóná rẹ̀ tó funfun báláú, ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni.

"Bàbá, ṣé ẹ ń fa sìgá bọ̀ ni?"

"Máa lọ, afínjú," ni ohùn Bàbá dáhùn láti inú òkùnkùn. "Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ kò mọ ohun tó ń lọ láyé."

Ìyá Ọmọ́tárá ló gbà wọ́n sílé ní Ìdí-Ìṣin. Opó ni, ilé rẹ̀ ni gbogbo ẹlẹ́rù ti ń sùn. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ló ti ń kí wọn. "Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ gbé iná yín wá ká ki agbára sí i."

Yèyé-Adìẹ wà ní igun pálọ̀. Láti ìgbà tí sánmà ti ṣú ni adìẹ ti ń yé ẹyin láìsàba, bí ẹni tó gbàgbé ìdí tó fi yé e. Àpótí oníná yìí ló ń sàba fún wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹyin á fi pa. Ojú pupa kan ń tàn níwájú rẹ̀. Ìyá Ọmọ́tárá bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà kan ṣoṣo tí agbára ń gbà wọlé yọ lẹ́yìn àpótí náà, ó sì na ẹnu wáyà náà sí Ìbídùn. Ojú pupa náà kú.

"Mà, ṣé kò ní dí yín lọ́wọ́?"

"Kí ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́? Ilé yín ni."

Lójú ọ̀nà yẹn, ẹni tó bá sọ fún àlejò pé kò sí, ọmọ ọmọ rẹ̀ á gbọ́ ọ lẹ́nu àna. Ìbídùn ki agbára sí Ìkóná. Bàbá Ọdẹ́túndé náà bọ́ Etí-Kejì rẹ̀, ó so ó mọ́ wáyà kan náà, ó sì lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ bó ṣe ń mọ́ láyé ìgbà náà, onílé kò jáde wá sìn wọ́n. Inú yàrá ló ti sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, ara mi ló wúwo díẹ̀. Ẹ máa lọ o, ọ̀nà á là." Ìbídùn ka á sí ìwọ̀sí. Táyà Bàbá sì ti jò. Ìbídùn fi Bàbá sílẹ̀ níbi tó ti ń lẹ̀ ẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dé Erínta pẹ̀lú iná tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń bo ojú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo dáínámò tó wà ní ilé iṣẹ́ àti irin tí wọ́n fi ń rọ ọ́, kí wọ́n yọ́ wọn, kí wọ́n fi wọ́n ṣe Ìkóná. Nítorí Kọ́láwọlé, ó dúró níbẹ̀, ó wò ó títí irin náà fi di omi.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá Ọdẹ́túndé tó wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú gèlè obìnrin kan sórí tábìlì, ẹyin kan wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti pẹ́ jù," Alága sọ.

"Fọ́ ọ." Ìbídùn ni Bàbá ń wò.

"Mo ní ẹ ti pẹ́."

"Mi ò gbọ́ yín. Fọ́ ọ, Ẹnjiníà."

Ó fọ́ ọ. Òròmọdìẹ tó ti pé ló wà níbẹ̀, ó ní ìyẹ́, ó ní ẹnu, ó tutù.

"Abẹ́ ìró mẹ́ta ni Ìyá Ọmọ́tárá kó àwọn ẹyin náà sí," Bàbá sọ, "sórí ikùn rẹ̀, kò yí títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kú. Ibi tí mo ti ń wá omi ìfọ táyà ni mo ti rí i. Gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé ló ń ṣe é." Ó bọ́ Etí-Kejì, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin náà. "Ọdún wo ni mo ti ń ki agbára sí nǹkan yìí nílé rẹ̀? Mo máa ń sọ fáwọn ẹlẹ́rù pé obìnrin yẹn ń sùn jù. Èmi. Ẹnu mi yìí. Ẹ máa sọ tiyín, mi ò gbọ́ mọ́."

"Adìẹ lásán," Alága sọ. "A ó fún un ní òmíràn."

Ìbídùn yíjú sí i. "Ilé mélòó ló wà lójú ọ̀nà, sà? Ẹlẹ́rù mélòó lẹ fẹ́ fún ní Ìkóná? Ẹ dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ padà sí dáínámò."

"Dáínámò wo? O ti yọ́ ọ. Ìwọ lo dúró tì í."

Inú tó bí Ìbídùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbá létí, nígbà tó sì rò ó dáadáa, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́kàn. Ó mú kẹ̀kẹ́, ó pa Ìkóná rẹ̀, ó ń tì í lọ sí Ìdí-Ìṣin nínú ọ̀sán dúdú.

Ojú pupa Yèyé-Adìẹ ń tàn. Ẹyin tuntun wà nínú rẹ̀.

"Ẹnjiníà wa, ẹ kú ìrìn. Iná yín dà?"

"Ó kún, mà." Irọ́ ni. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ kí ni?"

"Mà, àwọn ẹyin yẹn kú."

"Ẹyin a máa kú," Ìyá Ọmọ́tárá sọ, bí ẹni pé Ìbídùn ló yẹ kí wọ́n máa tù nínú. Lẹ́yìn náà ló wo ìta, ojú rẹ̀ là. "Ẹ wò ó. Ó mà dára o."

Iná funfun tò lọ rẹrẹ lórí òkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Àwọn ẹlẹ́rù tó kọ́kọ́ gba Ìkóná ni. "Àlejò ń bọ̀," ni obìnrin náà wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà yọ lẹ́yìn àpótí, ó sì ń tú ìró rẹ̀.

Ìbídùn wò ó. Ó tú tirẹ̀ náà. "Ẹ kó ìdajì fún mi, mà."

Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ ní yàrá, ẹyin gbóná lórí ikùn wọn. Wọ́n gbọ́ nígbà tí àwọn ẹlẹ́rù wọlé, tí wọ́n rí wáyà, tí wọ́n ń ki agbára. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Wọ́n mà ń sùn jù nílé yìí."

Ìbídùn ya ẹnu láti ké mọ́ ọn. Ìyá Ọmọ́tárá fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Àlejò ni. Ẹ má yí."