Àtàǹpàkò Tí Kì Í Ṣe Ti Bàbá Ọdúntán

Àárẹ̀ kan wà tí oorun kì í wò. Ẹni tó ń ṣe yóò sùn, yóò jí, yóò sì tún bá a níbi tó fi í sí. Irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe Akínkúnmi.

Má rò pé ọ̀mùtí ni. Akínkúnmi kò mutí, kò fa sìgá, òun sì ni wọ́n gbójú lé nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì kékeré kan lọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun, níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Mọ́kàndínlógún péré ni wọ́n ní kíláàsì. Ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí; àwọn olùkọ́ mọ orúkọ rẹ, wọ́n mọ orúkọ ìyá rẹ, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí o kò bá jẹun. Akínkúnmi ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù. Òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Pírójẹ́ẹ̀tì tí yóò fi gboyè ni pé kí ó mú ìwé ìbéèrè lọ bá ọgọ́fà àgbẹ̀ oníkòkó ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Iléṣà. Yóò bi wọ́n ní ìbéèrè, yóò kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé yóò buwọ́ lù ú, ẹni tí kò mọ̀wé yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ó lọ lọ́jọ́ kan. Òjò rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀, ọlọ́kadà já a sílẹ̀ lágbedeméjì, àwọn àgbẹ̀ sì ti lọ sóko. Èèyàn méje péré ló rí. Kó tó kúrò, ó rí orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìpàdé, ó sì fi fóònù yà á.

Ibẹ̀ ni èṣù ti pàdé rẹ̀, kò sì hu ìwo wá.

Ó jókòó sí họ́stẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́rin, ó fi báírò oríṣi márùn-ún kọ ìdáhùn àwọn mẹ́tàléláàádọ́fà tó kù. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ díẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kọ díẹ̀. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, ó ki àtàǹpàkò ara rẹ̀ bọ tàdáwà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí ìka náà fi dúdú.

Amos, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, bá a lẹ́nu rẹ̀. Ọpọlọ Amos kò yá tó tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun ti fi ń rìn láàárín àwọn oníṣu Ìdó-Ọ̀ṣun, bàtà rẹ̀ sì ti là.

"Jẹ́ kí n bá ọ kọ tìrẹ náà," ni Akínkúnmi wí.

"Rárá o. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é báyìí."

Akínkúnmi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwà mímọ́ kì í fúnni ní máàkì.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Dókítà Adédìran, obìnrin tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ kàwé sí i lókè òkun. Orúkọ Akínkúnmi ni wọ́n fi ránṣẹ́. Dókítà wá ní, "A kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà ká má padà lọ dúpẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, a ó jọ lọ kí àwọn àgbẹ̀ yẹn. Kó àwọn ìwé náà dání."

Kí ni Akínkúnmi ì bá sọ? Ó kó wọn dání.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo abúlé lápapọ̀, wọn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Akínkúnmi mí kanlẹ̀. Bí alága ẹgbẹ́ ṣe mú dókítà lọ wo ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, obìnrin àgbà kan rọra wá jókòó tì í.

"Ọmọ mi, o kú uṣẹ́ o," ni ìyá náà wí. "Wọ́n ní ò ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ará ulé wa sílẹ̀. Ṣé o bá Bàbá Ọdúntán, ọkọ mi, sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kú? Kò tíì pẹ́ tí wọ́n lọ."

Orúkọ náà wà nínú ìwé. Lára ògiri ló ti jí i. Ó rò ó pé bí òun bá ní rárá, ìyá lè lọ bi dókítà. Ó bá wá ìwé náà jáde.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ó ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ: "Ó ti rẹ̀ mí. Agbára mi kò ká oko mọ́, n kò sì rí ẹni ràn mí lọ́wọ́."

Ìyá sún mọ́ ìwé náà. "Wọn ò sọ fún mi rí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi wọ́n bóyá ó rẹ̀ wọ́n, wọn á ní rárá." Wọ́n fọwọ́ kan àmì àtàǹpàkò tó wà nísàlẹ̀ ìwé, wọ́n ń rọra fọwọ́ pa á. "Wọn ò ya fọ́tò rí. Fún mi ní èyí."

Akínkúnmi fún wọn. Wọ́n ká a sínú ìró, wọ́n sì gbàdúrà gígùn fún un.

Láti ọjọ́ náà ni orin ti kọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé pé wọ́n ti mú un fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sókè. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ti ọmọ tó féèlì lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Amos ní Dàda Estate tó ń gbé. Amos ń lọṣọ. Akínkúnmi jókòó sílẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo ti ń ṣe rere láti ìgbà náà," ni ó wí, "bóyá yóò lè dí àlàfo irọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi, Amos."

"Kò lè dí i," Amos dáhùn, ó sì yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná. "Ìyá yẹn gbàdúrà fún ẹni tó ń parọ́ fún wọn torí pé wọn kò mọ̀. Jésù mọ̀. Ó mọ̀ ọ́ látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ Ó kú fún ọ. Kò ní kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Wá bí o ṣe wà."

"Láti kékeré ni mo ti ń kọrin Rẹ̀."

"Mo mọ̀. Orin ni o mọ̀."

Akínkúnmi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí wọ́n ń lọ̀. Ó ní, "Olúwa, kì í ṣe ìwé yẹn nìkan. Èmi gan-an ni irọ́. Dárí jì mí, gbà mí." Ààrá kò sán. Ó kàn sunkún, ó sunkún, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní Mọ́ńdè, ó lọ jẹ́wọ́. Dókítà Adédìran bọ́ awò ojú wọn. "Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn?"

"Mo mọ̀, mà."

Ó sì lọ lóòótọ́. Wọ́n fi ọdún kan kún iye ọdún tí yóò lò nílé ẹ̀kọ́. N kò ní parọ́ fún ọ pé Ọlọ́run fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Títí di òní, kò tíì rí òmíràn.

Lẹ́yìn náà, ó padà sí abúlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. N kò rí Bàbá rí."

Ìyá dìde. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìwé náà jáde, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Wọn kò gbàdúrà fún un lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó ti kòkó tí wọ́n ń là, ó jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn kó o. Ó tó wákàtí kan kí ìyá tó lanu.

"Wọn kì í sọ pé ó rẹ̀ wọ́n," ni wọ́n wí. "Kọ ìyẹn sílẹ̀. Òótọ́ nìyẹn."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá tìrẹ kò jọ ti Akínkúnmi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí o ṣe tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, wọ́n sì ń yìn ọ́ lé e lórí. Ìyìn náà ti di ẹrù. O rẹ́rìn-ín lówùúrọ̀ yìí, mo mọ bí ó ti rẹ̀ ọ́ tó.

Má sọ pé ó di ìgbà tí èsì ìdánwò bá jáde, tàbí tí o bá ṣe tán nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ kí o tó sọ ọ́, ẹrù náà sì wà lórí wọn wọnú sàréè. Jésù ń pe àwọn tó rẹ̀, kò sì pè wọ́n láti wá dójú tì wọ́n. Níbi tí o wà yìí, nínú kẹ̀kẹ́ ni o, lórí bẹ́ẹ̀dì ni o, sọ ohun náà fún Un ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an. Ẹni tí ò ń fi í pamọ́ fún ti mọ̀ tipẹ́. Òun náà ló ń pè ọ́. Dá A lóhùn lónìí.