Ta Ló Gbá Òpó Odò Wọlẹ̀?

Òjò kọ̀, kò rọ̀, síbẹ̀ odò ìlú ṣàdédé kún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí òpó ìwọn tó wà nínú odò sọ nìyẹn. Lánàá, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fà dé àmì pupa tó ń sọ pé kí wọ́n máa ṣọ́ omi lò. Inú ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi dùn dé èékánná, ó ní kí wọ́n ṣí omi fún gbogbo àdúgbò. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rọ omi fi ń pọ ẹrẹ̀ sínú ike oníke. Ni wọ́n bá ké sí ọlọ́pàá.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tó wá, obìnrin ni. Ìyá Oníbèéèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í kí èèyàn tán kó tó bèèrè ọ̀rọ̀.

“Baba Olódò ni!” ọ̀gá ń pariwo. “Òun nìkan ló ń ka òpó yìí. Ẹ tì í mọ́lé!”

Baba Olódò dúró létí odò nínú bàtà rọ́bà rẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kun òpó náà lọ́dà lọ́dọọdún.

“Ọ̀gá mi, mi ò mọ̀dí ẹ̀. Mo rí i pé omi gòkè, mo dúpẹ́, mo lọ jẹun.”

“Ṣé ẹ kì í jẹun tẹ́lẹ̀ ni, Baba?” Ìyá Oníbèéèrè bi í.

“Oúnjẹ wo? Bí omi ṣe ń sá lọ yìí, kì í lọ lọ́fun mi. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí, ó sú u.”

Ìyá Oníbèéèrè wo ẹsẹ̀ afárá. Ibi tí omi ti fà sẹ́yìn gbẹ, ó funfun. Ó wọnú odò, ó fọwọ́ pa orí òpó. Ọ̀dà rẹ̀ kò họ rárá, òwú búlúù díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Baba, iṣẹ́ wo ni ìyàwó yín ń ṣe?”

“Aránṣọ ni.”

Gbogbo wọn yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó Baba. Aṣọ ilé ìwé aláwọ̀ búlúù ló ń rán lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé àjákù aṣọ yìí lẹ fi bo orí òpó kẹ́ ẹ tó fi òòlù gbá a?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. “Èwo ni tèmi nínú òpó?”

“Omi ò kún, mà. Ẹsẹ̀ afárá gbẹ, òpó ló wọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìlú níbi ò ní bìkítà bí ọ̀dà bá họ. Ẹni tó gbá òpó yìí ò fẹ́ ba iṣẹ́ ọwọ́ Baba jẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn wọn ni.”

Obìnrin náà bú sẹ́kún. “Èmi ni. Wọ́n ń rù lójú mi. Mo ní kí wọ́n ṣáà jẹun lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á tú ìwọ̀nba omi tó kù dànù. Èmi ni kẹ́ ẹ tì mọ́lé, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.”

Baba yíjú sí i. “Nítorí oúnjẹ?”

“Nítorí tiyín ni.”

Ìyá Oníbèéèrè nu ojú rẹ̀, ó díbọ́n pé eruku ló kó sí i.

“Mà, ẹ máa tẹ̀ lé mi dé àgọ́ wá sọ tẹnu yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá fa òpó yìí sókè. Láti òní lọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ máa kà á. Ẹrù yẹn ti pọ̀ jù fún Baba nìkan.”

Tọkọtìyàwó náà fa òpó sókè títí ó fi dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Omi ti lọ sílẹ̀ jìnnà sábẹ́ àmì pupa. Baba kà á jáde, ọ̀gá sì sáré lọ ti omi ìlú.

Baba di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Kí lo sè?” ó bi í.