Ohùn Ìlọrin fún Ọ̀kẹ́rẹ́ Japan

Nígbà tí wọ́n jí Mahmud Àríyọ̀ gbé, bisikíìtì ló ń jẹ. Kò sí ẹni tó dì í lókùn, kò sí ẹni tó na ìbọn sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Ṣàngó wá sí GRA. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ju fóònù rẹ̀ sínú báàgì ẹni tó jí i gbé, ó sì tún gba ti Rokibat, ọmọbìnrin télọ̀ tí wọ́n jọ wá, kó má lọ fi ariwo ba iṣẹ́ jẹ́. Bí a bá ń wá ẹni tó rọrùn jí gbé ní Ìlọrin, kí a má wulẹ̀ lọ jìnnà.

Fíìmù ló gbé e débẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ Mahmud ní Ṣàngó ló fi géèmù ọ̀kẹ́rẹ́ aláṣọ pupa dàgbà, èyí tí àwọn ará Japan ṣe, tó ń fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di fíìmù lẹ́ẹ̀kan. Mahmud kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wò ó. Àwọn ọmọ sùn, bàbá wọn ló sunkún. Nígbà tí ìròyìn dé pé apá kejì ń bọ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànbí gbé e sórí Wasáàpù pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di Yorùbá, àti pé ohùn ọmọ Ìlọrin nìkan ni Japan fẹ́, nítorí Yorùbá Ìlọrin ló mọ́ jù. Ọ̀rọ̀ yìí ló pa Mahmud. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Ìbàdàn, wọn ò gbọ́. Àṣé Japan ti gbọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, Àkànbí ní kí kálukú ké bí ìgbà tí ọ̀tá mú ọ̀kẹ́rẹ́, ó ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Mahmud ké títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: "Màmá, ẹ gbà mí! Wọ́n fẹ́ pa mí!" Nígbà tó sinmi, ó ń fọ́nnu nípa ìyá rẹ̀, Bàríkísù, tó ń ta iṣu ní Ìpatà, pé owó Mẹ́kà rẹ̀ ti pé, ó wà nínú báàgì ní ìsọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí ni yóò san án. Àkànbí ní, "Máṣà Àláà." Ó gba nọ́ńbà ìyá náà, ó ní Japan máa ń kí òbí òṣèré. Ẹnu òfòrò níí pa òfòrò. Ti ọ̀kẹ́rẹ́ náà ò yàtọ̀.

Lónìí, ó kó àwọn méjèèjì sí yàrá tó fi fóòmù bò yíká, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kò pẹ́, Mahmud gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti òdìkejì ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ gbà mí!"

"Rokibat, gbọ́ mi," ó ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Wọ́n ń gbé e fún Japan gbọ́."

Ohùn Àkànbí ló tẹ̀ lé e. "Alhaja, ẹ ti gbọ́ ọmọ yín. Ẹ gbé owó Mẹ́kà yẹn wá, àbí kẹ́ ẹ wá gbé òkú."

Ìyá Mahmud dáhùn látinú fóònù. "Mi ò tíì di Alhaja. Ìyẹn kì í sì í ṣe ọmọ mi."

"Kí lẹ wí?"

"Ọmọ tèmi kì í pè mí ní Màmá. Ìyàwó ló ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ń pè mí, òun náà gbọ́ ọ, ó ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí ó fi hu irùngbọ̀n. Wàláhì, jìbìtì lo fẹ́ lù mí."

Bí Mahmud bá dákẹ́ níbi yìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Kó jókòó, kó jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán. Àmọ́ ta ló fún un ní làákàyè? Ó sáré sídìí ilẹ̀kùn, ó figbe ta: "Ìyàwó! Ẹ má fún un ní nǹkan kan o! Èmi Mahmud ni!"

Ìyá rẹ̀ mọ ohùn náà dájú. Ó figbe bọnu. "Là ìláhà ìláláhù. Òun ni. Jọ̀wọ́, má pa á. Wá bá mi lẹ́yìn ọkọ̀ iṣu ní Ìpatà. Màá gbé gbogbo ẹ̀ fún ọ."

Rokibat wo Mahmud. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

Wọ́n gbọ́ tí mọ́tò Àkànbí jáde. Mahmud sún sẹ́yìn, ó fò mọ́ ilẹ̀kùn bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn ò mì. Èjìká rẹ̀ ló mì. Ó tún fò. Ibi tó ti ń jẹ̀rora ló ti rí i pé Rokibat ti ṣí fóòmù kúrò lójú wíńdò, ó ń yọ gíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wíńdò náà kò ní irin. Wọ́n gba ibẹ̀ bọ́ sínú igbó òdòdó, bàtà Mahmud kan sì há síbẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé wọn yá wọn ní fóònù. Mahmud gbà á, ìgbà náà ló rántí pé òun ò mọ nọ́ńbà ìyá òun lórí.

"Gbogbo ibi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń kó ẹ̀pà pamọ́ sí nínú géèmù lẹ mọ̀," ni Rokibat wí. "Nọ́ńbà ìyá yín lẹ ò mọ̀." Ó bọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mahmud ń bá kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìpatà, ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Gbogbo ọdún tí ìyá rẹ̀ fi ń jí ta iṣu ló wà nínú báàgì yẹn.

Ó bá wọn lẹ́yìn ọkọ̀ iṣu. Ìyá rẹ̀ ń na báàgì sí Àkànbí.

"Olè!" Mahmud pariwo.

Àkànbí já báàgì gbà, ó nàka sí Mahmud. "Olè! Ẹ mú un!"

Àwọn aláàárù wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ọ̀kan wọ kóòtù. Èkejì wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ewé wà lórí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Mahmud ni wọ́n gbé ṣánlẹ̀ sáàárín iṣu. Àkànbí ti bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ̀ iṣu mìíràn tó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, tó dí i lọ́nà.

"Ọmọ mi nìyẹn! Ẹ fi í sílẹ̀!" Ìyá Mahmud ké débi pé ìbòrí rẹ̀ jábọ́. "Ẹni tó gbé báàgì ni kẹ́ ẹ mú! Ẹ má lù ú o, ẹ kàn mú un!"

Nígbà tí Rokibat àti Inspẹ́kítọ̀ Lami yóò fi dé, aláàárù méjì ti jókòó lé Àkànbí lórí.

"Japan tí ò ń bá ṣiṣẹ́ dà?" Lami bi í ní àgọ́.

Àkànbí ń wo ọ̀nà ilẹ̀kùn.

"Mo ní Japan dà?"

"Kò sí Japan, mà. Fíìmù ń bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ mí." Ó jẹ́wọ́ pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe gba ti àwọn ìdílé mìíràn, owó wọn ṣì wà nínú búùtù mọ́tò. Lami ní kí wọ́n lọ pe àwọn ìdílé náà wá. Lẹ́yìn náà ló nàka sí Mahmud. "Eléyìí ńkọ́? Kí lo fi halẹ̀ mọ́ ọn tó fi ké tó bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò halẹ̀, mà. Mo ní ó ti tó. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tún un ké, pé ti àkọ́kọ́ ò wọ òun lára."

Gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín. Rokibat fi ìbòrí bo ẹnu. Mahmud ń wá ihò tó lè kó sí nínú ilẹ̀.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì lé itan, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ iṣu kúrò léjìká ọmọ rẹ̀. "Alihamudulilahi," ó wí jẹ́jẹ́. "Mahmud, o mọ bí mo ṣe kó owó yìí jọ. Tí wọ́n bá tún pè mí lọ́la, tí mo gbọ́ ohùn rẹ, màá tún gbé e lọ fún wọn."

Ojú ti Mahmud, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

"Dìde," ìyá rẹ̀ ní, "sìn mí ká lọ san owó Mẹ́kà yìí báyìí. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, ọmọ mi ò ní níye lórí lójú olè mọ́."