Ọjọ́ Tí A Pín Owó Ẹ̀rọ Omi

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn àdúgbò wa kò nílò ìwé ìròyìn. Kó ṣáà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ, ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé, àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sùn sílé. Èmi aránṣọ ni mo máa ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sẹ́.

Tíṣà ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu pípàṣẹ fún ènìyàn. Lọ́jọ́ Sátidé, á gbé ìwé rẹ̀ dání, á máa ti ojúlé dé ojúlé gba owó omi. Iye tí a fi ń ra búrẹ́dì kékeré kan ni àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ń san lọ́sẹ̀. Inú owó yẹn la ti ń ra oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi, tí a ń dà sínú táǹkì, ibẹ̀ náà la sì ti ń sanwó fún àwọn tó ń kó ẹ̀gbin inú ṣáláńgá wa bó bá ti fẹ́ kún. Ìyókù ń lọ sí báńkì.

"Tíṣà, ẹ tún ti dé," mo máa ń sọ bó bá ti yọ. "Ẹ̀rọ tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá ń gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ wa bí onílé."

"Wọ́n fún ọ ní ẹ̀rọ, wọn ò fún ọ ní ẹni tí yóò máa tún un ṣe," Tíṣà á dáhùn. "San owó ẹ, jẹ́ n máa lọ."

Ọdún mẹ́rin gbáko, ẹ̀rọ náà kò kọṣẹ́ rí. Ohun tó kó bá wa gan-an nìyẹn.

Níbi ìpàdé àdúgbò kan, Tíṣà ka iye owó tó wà ní báńkì sí wa létí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Owó náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo dìde.

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, owó wà ní báńkì, ó ń sùn. Kí la ń tọ́jú ẹ̀ dè? Àbí à ń gbàdúrà kí ẹ̀rọ bàjẹ́ ni? Ẹ jẹ́ ká pín in, kí kálukú fi tún ilé ẹ̀ ṣe. Tó bá wá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, a ó dá owó."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣobàtà, tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé, tóun àti ìyá rẹ̀ arúgbó jọ ń gbé, ló kọ́kọ́ kígbe pé, "Aránṣọ ti sọ ọ́ tán!"

Tíṣà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bí ẹ bá pín owó yìí, n ò ní kiri ojúlé mọ́. Owó oògùn ńkọ́? Owó ṣáláńgá ńkọ́?"

"Ẹ má dẹ́rù bà wá, Tíṣà. Ilé-ìwé kọ́ nìyí," mo ní. Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín.

A pín owó náà. Mo fi tèmi ra áyọ́ọ̀nù tuntun fún ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣobàtà ra rédíò fún ìyá rẹ̀. N kò ní tàn yín, inú wa dùn.

Lẹ́yìn oṣù méjì, òjò dé. Ṣáláńgá kún, kò sì sí owó tí a ó fi pe àwọn tó ń kó o. Omi òjò ń wọ inú rẹ̀, ó ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. A ń di imú, a ń fò ó kọjá. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ omi kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì dákẹ́.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi àkísà nu ọwọ́. "Pọ́ǹpù tó wà nísàlẹ̀ ló jó. Ẹ mú owó pọ́ǹpù tuntun wá, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni."

"A ó dá owó," la wí. Ẹ wo àwọn tó fẹ́ dá owó! Ilé yìí ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé-ìwé ni. Ilé tọ̀hún ní kí àwọn tó wà lókè àdúgbò kọ́kọ́ san. Èmi fúnra mi ní kí wọ́n fún mi títí di ìparí oṣù. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ohun tí a rí kó jọ kò tó ìlàjì.

Kànga àtijọ́ kan wà lẹ́yìn àwọn ilé wa, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ṣáláńgá. A ti fi páànù bò ó látìgbà tí ẹ̀rọ ti dé. Nígbà tí omi tán nílé gbogbo wa, èmi ni mo ṣí páànù náà. Mo fa omi, mo bù ú sínú ife funfun, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ẹ wò ó. Ó mọ́ gaara."

Ìyá Ṣobàtà gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán. "Omi tó dára ni," ó ní.

Ìgbàkígbà tí mo bá rántí ife yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Mo ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màmá Kékeré là ń pè é, nítorí bí àgbàlagbà ló ṣe máa ń bá ènìyàn wí. Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, mo ń gé aṣọ lórí tábìlì nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù wá, tó di inú mú.

"Màámi, mo ti lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Kí lo jẹ?"

"Ohun tí gbogbo wa jẹ náà ni."

Kí n tó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ti bì. Ó tún bì. Ohun tó ń yà kò rí bí ìgbẹ́ mọ́, bí omi tí a fi fọ ìrẹsì ló rí. Láàárín wákàtí méjì péré, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Mo fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó dúró sókè bí aṣọ tí a ká létí, kò tètè padà.

Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré, n kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Lójú ọ̀nà, mo ń pè é, ó ń dáhùn. Nígbà tó yá, mo pè é, kò dáhùn.

"Màmá Kékeré! Bá mi wí! Bú mi! Ṣáà sọ̀rọ̀!"

Orí rẹ̀ kàn ń gbá mi léjìká ni.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kò dúró gbọ́ àlàyé mi. Ó gba ọmọ náà lẹ́yìn mi, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá iṣan lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò rí iṣan. Èkejì kò rí i. Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ẹ jọ̀wọ́, Nọ́ọ̀sì, òun nìkan ni mo bí."

"Ẹ dákẹ́ ná, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ríran."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló rí i. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọ ara ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì kò gbé ojú sókè.

"Níbo lẹ ti ń pọn omi?"

Mo sọ fún un.

"Báwo ló ṣe jìnnà sí ṣáláńgá tó?"

Mo sọ ìyẹn náà. Ó mí kanlẹ̀.

"Àrùn onígbáméjì ni. Inú ìgbẹ́ ẹni tó ní in ló ti ń bọ́ sínú omi, inú omi ló sì ti ń bọ́ sẹ́nu ẹlòmíì. Omi náà lè mọ́ gaara, kí ikú wà nínú ẹ̀. Ta ló tún ń mu ún?"

"Gbogbo wa."

"Ó yá, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n má mu ún mọ́. Ẹni tó bá ti ń yàgbẹ́ olómi, kí wọ́n gbé e wá kíákíá. Kí wọ́n máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà bí wọ́n ṣe ń bọ̀: lítà omi kan tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a rẹ́ lórí, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì. Kó má lé, kó má dín."

"Ṣé ọmọ mi á yè?"

"N ò tíì mọ̀. Ẹ lọ."

Mo fi ọmọ mi sílẹ̀, mo lọ. Ẹ̀rù bà mí láti lọ, ẹ̀rù sì bà mí láti dúró. Mo ń kan ilẹ̀kùn ojúlé kọ̀ọ̀kan, mo ń ké pé, "Ẹ má mu omi kànga yẹn mọ́! Ẹ dà á nù!" Ẹnu tí mo fi ní ká pín owó náà ni mo ń fi ké kiri.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ṣobàtà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan wà lórí itan rẹ̀, kò rán an.

"Ìyá mi ń sùn," ó ní. "Inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àná. Mo ní kí n jẹ́ kó sinmi."

A jọ wọlé. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fọwọ́ kan ìyá náà, ara rẹ̀ ti tutù. Ó ti kú.

Ṣobàtà pa rédíò náà. Ó yíjú sí mi. Ì bá kúkú gbá mi létí.

Ènìyàn mọ́kànlá ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta ni Màmá Kékeré tó lajú dáadáa. Ó wo yàrá yíká, ó wò mí.

"Màámi, ta lẹ fi sí ṣọ́ọ̀bù?"

Mo sunkún títí Nọ́ọ̀sì fi ní kí n bọ́ síta, pé mo ń dẹ́rù ba àwọn aláìsàn òun.

Lọ́jọ́ Sátidé, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá bá wa ṣèpàdé. Wọ́n ti di kànga náà pa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀rọ yín," ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan lẹni tó gbẹ́ ẹ náwó. Lílò ẹ̀ ló ń jẹ owó lójoojúmọ́: oògùn, iná, àtúnṣe, kíkó ṣáláńgá. Ọdún mẹ́rin tí pọ́ǹpù yín fi ń ṣiṣẹ́, gbígbó ló ń gbó. Owó tẹ́ ẹ sọ pé ó ń sùn yẹn, owó pọ́ǹpù tuntun ni."

"Ìjọba ńkọ́?" ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn. "Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ wọn ni?"

"Iṣẹ́ wọn ni. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún omi àti ìmọ́tótó àdúgbò yín. Owó-orí yín wà ńbẹ̀, ẹ má tijú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ láàárọ̀, kí lẹ ó mu títí tí wọ́n á fi dé?"

"Ẹni tí kò bá rówó san ńkọ́?" Ṣobàtà ló béèrè.

"Ẹ jọ jókòó, kí ẹ dá irú wọn mọ̀, kí ìyókù bá wọn san án. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni nídìí ẹ̀rọ. Ìdí irú kànga yẹn ni yóò lọ, àrùn tó bá sì kó níbẹ̀ á padà wá bá yín nílé."

Mo kúnlẹ̀ fún Tíṣà lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹ má bínú, Tíṣà. Èmi ni mo fà á."

"Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́," ó ní. "Dìde. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ìwọ ni wàá máa gba owó náà kiri."

Owó pọ́ǹpù tí a kò rí dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ méjì la fi dá a. Ẹ̀rù ló dá a. Omi padà dé, a sì kó ẹ̀gbin ṣáláńgá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé dání. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ṣobàtà, n kò lè gbójú sókè. Ó ka owó ènìyàn méjì lé mi lọ́wọ́, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé," mo ní.

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì padà sídìí bàtà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má dúró kí ẹ̀rọ kọṣẹ́ kí ẹ tó dá owó. Ẹ máa dá a díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi sí báńkì ní orúkọ ènìyàn mẹ́ta, kí ẹ máa kà á sí gbogbo ènìyàn létí lóṣooṣù. Bó ti wù kó pọ̀ tó, ẹ má pín in. Ẹ tètè kó ẹ̀gbin ṣáláńgá kó tó kún, ẹ má sì mu omi kànga tó bá wà nítòsí rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́ bí ẹ bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé àti kí ẹ tó jẹun. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ olómi, ẹ má ní kó lọ sùn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Lónìí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ládùúgbò: bí ẹ̀rọ omi wa bá kọṣẹ́ lọ́la, níbo ni owó àtúnṣe rẹ̀ wà? Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín nísinsìnyí, nígbà tí gbogbo yín ṣì pé.