Ewé Tí Ológbò Ń Yí Lé

Lórí ìkúnlẹ̀ ni atúnaagoṣe ti kọ́kọ́ rí obìnrin náà, nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Okùn ìwọnṣọ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń fa ológbò kan tó ń yí gbirigbiri bí ọ̀mùtí lórí ewé tí atúnaagoṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ láti inú ìkòkò sínú ebè láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní aránṣọ ìtòsí ni òun, Ọ̀gá sì lorúkọ ológbò, torí kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ewé náà kì í ṣe ti eré. Láti ìgbà tí ìyá atúnaagoṣe ti di opó, oorun ti kọ̀ ọ́. Àfi tó bá mu omi gbígbóná tí wọ́n rẹ ewé náà sí ló tó lè sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ rẹ̀ ti lọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ológbò ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá sì ti búra pé ẹni tó bá ń sin ológbò kò ní wọ ilé òun, áḿbọ̀sì kó wá fẹ́ ọmọ òun.

Aránṣọ tẹjú mọ́ ebè. "Ọwọ́ yín ló ń pe Ọ̀gá wá, bùọ̀dá. Tẹ́ ẹ bá ń lọ́ ọ, ewé á rún, òórùn rẹ̀ á tú jáde. Ẹ gbin irúgbìn síbi tó máa dàgbà sí, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Aránṣọ ni yín ni, àbí àgbẹ̀?"

"Ẹni tó ń bá ọ̀mùtí gbé á mọ ilé ọlọ́tí."

Wọ́n jọ gbìn ín, wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún yí i ká. Ewé hù, ó tanná funfun. Ìyá wá ń sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ẹ̀wù atúnaagoṣe kò yé já, ó sì ń gbé e lọ fún aránṣọ lójoojúmọ́. Aránṣọ rí ojú abẹ lára òwú. Ó tún un rán.

Lọ́jọ́ kan, ìyá béèrè ẹni tó kọ́ ọ ní ọgbọ́n ewé. Bó bá purọ́, àlàáfíà. Bó bá sòótọ́, ó lè pàdánù ẹni tó fẹ́ fi ṣaya. Irọ́ ní í ṣìnà, òtítọ́ kì í ṣìnà.

"Aránṣọ ni, Màámi. Ó ní ológbò."

Ìyá mu ohun tó kù nínú ife rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ pẹ̀lú ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ọ̀gá.

"Ṣé ó máa ń ha èèyàn?"

"Àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nírù, Mà."

Ìyá na ẹ̀wù náà sí i. "Bọ́tìnnì yìí ti sú mi. Wá máa gbé níbi tí ọmọ mi ti ń gé e."

"Ọ̀gá ńkọ́, Mà?"

"Ẹni tó ra ẹran ti ra eegun."

Aránṣọ fi òwú ìlọ́po méjì rán bọ́tìnnì náà, kí abẹ má tètè gé e mọ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ gbé Ọ̀gá.