Ijó Ìyá Hanifah

Èéfín tùràrí ló kọ́kọ́ pàdé Hephzibah lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn Hanifah ní Clarkston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ara fu ú. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó tún jẹ́ olórí àwọn aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ti kìlọ̀ fún un pé kò sí tùràrí tí kò ní ẹ̀mí kan nídìí. Ṣùgbọ́n Hanifah, ọmọ Morocco, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Láti ìgbà tí bàbá Hanifah ti kú, ìyá rẹ̀ kì í sùn dáadáa mọ́, ijó ìwòsàn àwọn Gnawa, àwọn olórin ẹ̀mí ìlú wọn, ni wọ́n sì gbà pé yóò tù ú lára.

Hephzibah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, fóònù lọ́wọ́. Kí ni wọ́n bù sínú abọ́ wàrà tó wà láàárín ilé yẹn? Aṣọ pupa, aṣọ dúdú tí wọ́n kó kalẹ̀, ta ló ni wọ́n? Yakub, àgbàlagbà tó ṣáájú àwọn olórin náà, ń ta gìtá olókùn mẹ́ta, àwọn yòókù ń lu irin mọ́ irin. Hanifah ṣàlàyé fún un pé bí ẹnì kan bá ti wọnú ijó náà, orin kì í dá títí onítọ̀hún yóò fi padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Ìfura Hephzibah tún wá pọ̀ sí i.

Kò pẹ́ tí ìyá Hanifah fi ṣubú lójú ijó, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Hanifah rọra fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí rẹ̀. Hephzibah nìkan ni ẹ̀rù bà. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó yọ́ jáde, ó pe 911, ó ní wọ́n fẹ́ pa obìnrin kan.

Nígbà tí ọlọ́pàá wọlé, orin dá. Ìyá Hanifah lajú sáàárín wọn, kò mọ ibi tó wà, ó sì ń pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Hanifah kò pariwo. Ó kàn ní kí Hephzibah máa lọ sílé.

Hephzibah rò pé ìyá òun yóò yin òun. Ìyá gbọ́ tán, ó bi í léèrè:

“Last Sunday tí mo ṣubú níbi àdúrà, kí lẹ ṣe?”

“Àwọn usher da aṣọ bò yín, Mummy. Choir ò dákẹ́.”

“Ṣé o pe 911?”

“Rárá, Mummy. Mo mọ̀ yín.”

“Hanifah náà mọ ìyá ẹ̀. Mi ò fẹ́ tùràrí wọn o, but o parọ́ mọ́ wọn. Ó yẹ kó o bi ọ̀rẹ́ ẹ léèrè.”

Wọ́n jọ lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Hanifah kí wọn, ó gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n wọlé. Ìyá rẹ̀ kò tíì rí oorun sùn. Lóòótọ́, ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó fura tí kò béèrè lè fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọ̀rẹ́ rere jẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà.