Ìkúnlẹ̀ Tó Pẹ́

Orí itan Ọláwuyì ni mo ṣubú sí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ilé ìwòsàn kan ní Ìlá ni, lọ́dún 1986. Wọ́n pe orúkọ mi, mo sáré dìde lórí bẹ́ǹṣì, òòyì kọ́ mi.

"Ìyá, ẹ rọra," ó ní. "Bí ibi tí mo jókòó sí ló wù yín, ẹ̀ bá ti sọ."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló wá.

Nọ́ọ̀sì Dinah ní tí mo bá dìde, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi máa ń já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé orí mi. Kí n máa mu omi, kí n máa fara balẹ̀ kí n tó dìde. Ó rọrùn láti sọ. Èmi tí mo ń ru iṣu láti oko wálé wá di ẹni tó ń di ògiri mú lọ sẹ́yìnkùlé. Ara mi sú mi.

Opó ni mí, ìyàwó Ọláwuyì náà ti kú. Ó wá ń yà kí mi lójoojúmọ́. Tí mo bá fẹ́ dìde, á jókòó tì mí títí ojú mi á fi wálẹ̀, á ní, "Àdùnní, kò sẹ́ni tó ń lé wa." Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. Nígbà tó ní òun fẹ́ fi mí ṣe aya, mo gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ọ̀rà, Ìyá Kùdírátù, ni wàhálà wa. Àwọn ló tọ́ ọ dàgbà. Bí wọn ò bá gbà, kò ní fẹ́ mi. Mo lọ kí wọn, mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo ṣubú lu àwo ọbẹ̀ wọn.

"Bí kì í bá ṣe ọtí, wárápá ni," wọ́n sọ fún Ọláwuyì. "Mi ò fẹ́."

Ọláwuyì ní ká padà lọ. Mo ní ṣé mo lè kí wọn lórí ìjókòó.

"Wọ́n á ní o gbéra ga."

"Kí n kúnlẹ̀, ìjà. Kí n má kúnlẹ̀, ìjà. Ẹ wá sọ ibi tí màá gbé eékún mi sí."

Nígbà tí a padà lọ, mo kúnlẹ̀, mo jókòó lé gìgísẹ̀ mi, mo ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí Dinah ṣe kọ́ mi.

"Dìde," Ìyá Kùdírátù wí. Mi ò dìde.

"Mo ní kí o dìde." Mi ò dìde. Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. "Ó tó. Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo dárí jì ọ́."

Ọláwuyì mí kanlẹ̀. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kí ni? Bí mo bá dákẹ́, bí ẹlẹ́bi ni màá ṣe wọ ilé yẹn, ọjọ́ tí mo bá sì tún ṣubú, ẹ̀bẹ̀ mìíràn ni. Inú bí mi.

"Mà, mi ò bẹ̀ yín. Mi ò ṣẹ̀ yín. Àìsàn ni. Mò ń dúró kí ẹ̀jẹ̀ dé orí mi, kí n má bàa ṣubú."

Ọláwuyì bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó ń lé wa," ó ní.

Omi bọ́ lójú mi. Ìbínú wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀.

Ìyá Kùdírátù dìde. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn jáde, wọ́n tì í sí ìdí mi. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá?"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, Ìyá Kùdírátù fúnra wọn ló gbé àpótí náà wá sí Ìlá. Níwájú gbogbo ẹbí, bí mo ṣe fẹ́ tẹ eékún, wọ́n di apá mi mú.

"Ìyàwó wa, orí ìjókòó ni kí o ti kí mi."

Mo jókòó, mo sì kí wọn.